Láti orí ọ̀kadà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá: ìtọ́sọ́nà fún àgbà tó fẹ́ yí ọwọ́ padà ní Èkó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gun ọ̀kadà láti ìgbà èwe, tí orúnkún yín ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, tẹ́ ẹ sì ń rò ó pé ó tó àkókò láti bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ èrò lẹ fẹ́ máa gbé. Ó lè jẹ́ ọjà ìyàwó yín lẹ fẹ́ máa bá a kó láti ẹ̀gbẹ́ Àgége wálé. Èyí ó wù kó jẹ́, ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání: ohun tí ọ̀kadà ti kọ́ ara yín ló máa kọ́kọ́ fẹ́ pa yín lára nínú kẹ̀kẹ́. Ọmọ ogún ọdún tí kò gun nǹkan kan rí máa ń tètè mọ kẹ̀kẹ́ wà ju ẹni tó ti pẹ́ lórí máṣìn lọ, torí ọmọ yẹn ò ní nǹkan tó máa gbàgbé. Àgbà ní láti kọ́kọ́ tú èyí tó ti wọ̀ ọ́ lára ká, kó tó gba tuntun wọlé. Ó ṣeé ṣe dáadáa, àmọ́ ó gba sùúrù, ó sì gba ètò.

Kẹ̀kẹ́ ti wà nígboro Èkó láti ayé Buba Marwa, tó ṣe alákòóso ológun ìpínlẹ̀ yìí láti 1996 sí 1999. Gbogbo wa la ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí, ìyẹn ló ń jẹ́ ká rò pé a ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ò tíì di hándù mú.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ ojú ọ̀nà yín kẹ́ ẹ tó mówó jáde

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ pa pọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Àpápá, Lagos Mainland, Sùúrùlérè, Ìkẹjà, Etí-Ọ̀sà àti Lagos Island, títí kan àwọn ìjọba ìdàgbàsókè tó wà lábẹ́ wọn. Òfin yẹn náà ló lé àwọn méjèèjì kúrò ní àwọn ọ̀nà márosẹ̀ ńláńlá àti orí afárá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà 2022, wọ́n fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fi Kosofe, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin kún un. Òfin 2022 yìí ló lé ọ̀pọ̀ àgbà kúrò lórí máṣìn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí àwọn kan máa sọ pé ọ̀kadà nìkan ni ìjọba ń bá jà, pé kẹ̀kẹ́ ti bọ́.

Kò tíì bọ́ o. Kẹ̀kẹ́ ò ní iṣẹ́ kankan lórí Third Mainland Bridge, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lórí Ìkòròdú Road, ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, Funsho Williams Avenue tàbí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta. Inú àdúgbò ni kẹ̀kẹ́ ti ń jẹun. Ẹni tó bá jẹ́ pé Erékùṣù Èkó tàbí Ìkẹjà ló ń gbé gbọ́dọ̀ tún ara mú, torí pé òfin 2020 dárúkọ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ tààrà. Ẹ má fi ojú tẹ́ ẹ rí àwọn mìíràn tí wọ́n ń wà á ṣe ẹ̀rí. Tí wọ́n bá gba ti yín lọ́jọ́ kan, owó yín ló lọ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ lọ jókòó ní páàkì tẹ́ ẹ fẹ́ ti máa ṣiṣẹ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí èrò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo ibi tí LASTMA, àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó Èkó, máa ń dúró sí. Ẹ bi alága páàkì léèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà àti èyí tí wọn kì í gbà, kẹ́ ẹ sì bi í iye tíkẹ́ẹ̀tì òòjọ́. Àwọn ọ̀nà bíi Ìyànà-Ìpájà sí Ayọ̀bọ̀, Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìkọ̀tún tàbí inú Òkòtà ni irú ọ̀nà tí mò ń sọ. Fún àgbà, èmi á yan ọ̀nà tó tọ́, tí kò ní yú-tọ́ọ̀nù púpọ̀, kódà bí owó rẹ̀ bá dín díẹ̀. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ ara yín wò

Ojú ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, kì í sábà dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó ní i á máa rí iwájú kedere, kò ní mọ̀ pé òun ò rí ọ̀tún àti òsì mọ́. Lórí máṣìn tó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè máa bá a yí títí. Nínú kẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni ewu pọ̀ sí: gọ́tà lọ́tùn-ún, dánfó lósì, ọmọ tó sáré jáde láàárín ṣọ́ọ̀bù méjì. Ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín, kí wọ́n wọn bí nǹkan ṣe ń tẹ ẹyinjú yín látinú, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀gbẹ́ ojú yín wò. Èyí tó bá ti lọ kì í padà, àmọ́ ìtọ́jú lè dá èyí tó kù dúró.

Lẹ́yìn ojú, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ yìí nìkan ló máa di bíréèkì yín mú nínú kẹ̀kẹ́. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára máa ń mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ kú, débi pé èèyàn ò ní mọ bó ṣe tẹ nǹkan tó. Ẹ di ojú, kẹ́ ẹ ní kí ọmọ fi ìyẹ́ adìẹ kan ìka ẹsẹ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ ò bá lè sọ ìka tó kàn, dókítà ni kẹ́ ẹ rí kó tó kan ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà, kó béèrè bóyá oògùn yẹn lè mú òòyì wá, àti àkókò tó yẹ kó máa lò ó.

Ọwọ́ òsì ló ń fa klọ́ọ̀ṣì, òun náà ló ń yí jíà. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ òsì bá ti ń ro tẹ́lẹ̀ máa mọ̀ ọ́n lára nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Orúnkún àti ìbàdí ló máa sinmi jù, torí ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ gbé máṣìn àti èrò méjì dúró ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá dúró mọ́. Ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ àgbà ṣubú lórí ọ̀kadà kì í ṣe eré. Ìgbà tí máṣìn bá dúró, tó sì ṣe bí ẹni fẹ́ yẹ̀, tí ẹsẹ̀ ò sì lágbára láti gbà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gba ewu yẹn kúrò pátápátá, ohun tí mo sì ṣe ń bá àgbà sọ ọ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yá kẹ̀kẹ́ kọ́, ẹ má tíì rà á

Ẹ wá awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan tó ní sùúrù, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó sì máa lè bá àgbà sọ òótọ́. Àwọn ọmọ wa kan máa ń bẹ̀rù àtisọ fún Bàbá pé ohun tí Bàbá ṣe yẹn ò dáa. Irú wọn ò lè kọ́ yín. Ẹ sanwó ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kó má baà máa wo aago. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dáa jù, nígbà tí ìgboro dákẹ́. Pápá ilé ìwé tàbí ilẹ̀ gbalasa ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ibẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ jókòó sórí àga awakọ̀ kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ ibi tí nǹkan wà. Ibí gan-an ni àṣà ọ̀kadà ti máa ń yọjú, ẹ jẹ́ ká rọra wò ó.

Lórí ọ̀kadà, ọwọ́ ọ̀tún ń yí eré, ó sì tún ń di bíréèkì iwájú mú. Nínú kẹ̀kẹ́ Bajaj tàbí TVS tó pọ̀ nígboro, ọwọ́ ọ̀tún ṣì ń yí eré, àmọ́ kò sí bíréèkì níbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá bà yín, ìka yín á nà jáde, kò ní rí nǹkan kan dì mú. Ohun tó burú jù ni pé bí ìka ṣe ń wá bíréèkì yẹn, àtẹ́lẹwọ́ lè yí eré sí i.

Lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ òsì ló ń yan jíà. Nínú kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ òsì ò ní iṣẹ́ kankan. Ẹ fà klọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì, kẹ́ ẹ sì yí ibi tẹ́ ẹ dì mú yẹn gan-an láti yan jíà. Jíà mẹ́rin ló ń lọ síwájú. Ti ẹ̀yìn ní ọ̀pá tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bíréèkì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kí olùkọ́ yín máa pariwo “Dúró!” láìròtẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì wà ní pípa, kẹ́ ẹ máa tẹ bíréèkì. Ẹ máa ṣe é títí tí ọwọ́ ọ̀tún ò fi ní gbọ̀n mọ́, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń dáhùn. Ó lè gbà ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ má tan ẹ́ńjìnì kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yíyà

Bí ẹ ò bá ní ka ibòmíì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka ibí lẹ́ẹ̀mejì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sósì lórí ọ̀kadà, ara yín á tẹ̀ sósì, máṣìn á sì tẹ̀ lé yín. Bí eré bá ti pọ̀ díẹ̀, ọwọ́ yín ń ṣe nǹkan kan tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀: ó ń ti ọwọ́ òsì hándù síwájú díẹ̀, ìyẹn ló ń mú máṣìn dẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe irú ẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ọ̀tún ló máa yà sí. Kẹ̀kẹ́ kì í tẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá kọ táyà iwájú sí ló ń lọ. Ẹni tó ti gun máṣìn pẹ́ tó sì bá ara rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó ń sáré lè fẹ́ sá fún kòtò kó sì jẹ́ inú kòtò yẹn gan-an ló máa wọ̀.

Ìwúwo tún wà níbẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń yà sósì, gbogbo ẹrù rẹ̀ á fẹ́ ya sọ́tùn-ún. Ẹ wo bí táyà ṣe tò: ọ̀kan níwájú láàárín, méjì lẹ́yìn. Ẹ fi ojú inú fa ìlà kan láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún. Orí ìlà yẹn ló máa gbà dojú dé, bí àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí èèyàn jókòó sí etí rẹ̀. Bí ìwúwo bá wà lẹ́yìn, láàárín táyà méjì, ó jìnnà sí ìlà yẹn, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá sún síwájú, ó ti sún mọ́ etí.

Kí ló ń gbé ìwúwo síwájú? Bíréèkì. Ẹni tó bá sáré wọ kọ́nà, tó wá tẹ bíréèkì nígbà tó ti ń yà lọ́wọ́, ti kó gbogbo ẹrù kẹ̀kẹ́ síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà kan tí kẹ̀kẹ́ máa ń gbà ṣubú nìyẹn. Èrò tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ níwájú náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà kó tó di pé ẹnikẹ́ni tẹ bíréèkì rárá. Ẹ má gbé èrò síwájú, ì báà jẹ́ pé gbogbo páàkì ló ń gbé e. Ẹni mẹ́ta lẹ́yìn, awakọ̀ kan níwájú, bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ yẹn nìyẹn.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe máa yà: kí kọ́nà tó dé, nígbà tí hándù ṣì tọ́, ẹ dín eré kù. Ẹ bọ́ sí jíà kékeré. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó kọ hándù, kẹ́ ẹ rọra máa lọ, ara yín sì lè tẹ̀ díẹ̀ sí apá ibi tẹ́ ẹ ń yà sí láti ran kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí hándù bá ti padà tọ́ ni kẹ́ ẹ tó fún un léré. Bí táyà ẹ̀yìn kan bá fẹ́ kúrò nílẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì gbì. Ẹ yọwọ́ eré, kẹ́ ẹ sì dá hándù padà díẹ̀ sí títọ́ bí iwájú bá ṣófo. Ó máa jókòó padà.

Yú-tọ́ọ̀nù ló ń dán gbogbo èyí wò jù. Ọwọ́ ọ̀tún la ń gbà ní Nàìjíríà, òsì sì ni yú-tọ́ọ̀nù ń yà sí, ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú sì máa ń kán èèyàn lójú. Ẹ jẹ́ kó kọjá. Kò sí èrò tó ń yára tó bẹ́ẹ̀.

Ní pápá, ẹ to ike omi tó ṣófo sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ máa yí wọn po sósì, lẹ́yìn náà sọ́tùn-ún, pẹ̀lú jíà kìn-ín-ní. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wa òǹkà 8 yí ike méjì. Òǹkà 8 dáa gan-an torí kò jẹ́ kí ọwọ́ sinmi, ó ń fipá mú un kọ hándù sósì àti sọ́tùn-ún léraléra títí àṣà titari yẹn á fi kú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹsẹ̀ nínú ilé

Ẹ má na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Lórí ọ̀kadà, gbogbo ìgbà tí máṣìn bá ń dúró ni ẹsẹ̀ máa ń kan ilẹ̀, ó ti di ara. Àmọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fẹ̀ ju iwájú rẹ̀ lọ, táyà ẹ̀yìn sì ń bọ̀ ní ojú ibi tí ẹsẹ̀ yín máa balẹ̀ sí gan-an. Ó lè gun kókósẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ́, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín máa wo ẹsẹ̀ yín nìkan fún ìgbà díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ̀ tó

Ìbú kẹ̀kẹ́ tó nǹkan bíi mítà 1.3. Àyè tí máṣìn ń gbà láàárín dánfó méjì ò sí mọ́. Ojú yín á ṣì máa rí i, ọwọ́ á fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ. Ohun tó ń tan ọlọ́kadà ni pé iwájú kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọlé dáadáa, ẹ̀yìn ló wá fi ara kọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ olówó. Àdúgbò bíi Bàrígà tàbí Muṣin tí gọ́tà wọn ṣí sílẹ̀ létí títì, táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún ló ń wọ̀ ọ́ nígbà tí awakọ̀ bá ń yà fún ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi ike omi ṣe ẹnu ọ̀nà tóóró ní pápá, kẹ́ ẹ máa gba àárín rẹ̀ kọjá, síwájú àti sẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí ọ̀kadà ò ní i: ẹsẹ̀ la fi ń wọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wo ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó lọ sẹ́yìn ní àdúgbò tí ọmọdé bá wà.

Kòtò náà yàtọ̀. Máṣìn ní ojú ipa kan, kẹ̀kẹ́ ní mẹ́ta. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè fi ẹsẹ̀ méjì kọjá lórí kòtò kó wà láàárín, kẹ̀kẹ́ ò lè ṣe é, torí táyà iwájú wà láàárín gan-an. Táyà máṣìn tún ga, ínǹṣì 17 tàbí 18 ni irin rẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ ò ju ínǹṣì 8 lọ. Kòtò tí máṣìn Boxer yín máa ń fò láìwẹ̀yìn lè mì kẹ̀kẹ́ débi tí hándù á fi yí mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ dín eré, ẹ yan ẹ̀gbẹ́ kan tó máa wọlé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rọra wọ̀ ọ́ kó sì rọra jáde. Bọ́ǹpù náà, kí kẹ̀kẹ́ kọjú sí i tààrà, kó má gùn ún ní ẹ̀gbẹ́.

Nígbà òjò, pàápàá oṣù Kẹfà, Keje, àti nígbà tó bá tún padà dé ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ẹ má wọ omi tẹ́ ẹ ò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn nísàlẹ̀, gọ́tà sì lè wà lábẹ́ omi yẹn tí kò ní hàn. Bí ẹ bá ti jáde nínú omi, ẹ tẹ bíréèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ń lọ kó lè gbẹ, kẹ́ ẹ tó tún sáré. Tàpólì tí wọ́n ń sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nítorí òjò máa ń dí ojú awakọ̀, ẹ ká ti iwájú sókè kódà bí omi bá ń ta sí yín lára.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹrù kó tó di èèyàn

Kẹ̀kẹ́ òfìfo àti èyí tó kún kì í ṣe ọ̀kan náà. Dídúró rẹ̀ ń pẹ́, òkè ń mú un, yíyà rẹ̀ sì ń wúwo. Ẹ di yanrìn sínú àpò mẹ́ta, kẹ́ ẹ tò ó sórí àga ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ tún gbogbo ẹ̀kọ́ pápá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: dídúró, yíyí ike po, òǹkà 8, ẹnu ọ̀nà tóóró. Ìgbà tí àpò yanrìn ò bá ṣubú lé ara wọn mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń yà ni kẹ́ ẹ tó gbé ìyàwó tàbí ọmọ. Èrò páàkì ló kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: rírà

Tẹ́ ẹ bá ń ra tuntun, ẹ béèrè iye rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó tó mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó ń gbà á díẹ̀díẹ̀ lórí háyà pọ́ṣéèsì, ẹ ṣírò gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa san títí dé òpin, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bẹ́ ẹ bá ṣàìsàn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Kí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé tẹ́ ẹ máa tọwọ́ bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó.

Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání. Kó yẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti nọ́ńbà ṣásí wò lára kẹ̀kẹ́, kó sì bá ti inú ìwé mu. Bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá ń jáde, ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ wo abẹ́ iwájú, níbi tí irin hándù ti wọ ṣásí, bóyá wọ́n ti jó o pọ̀ rí. Kẹ̀kẹ́ tó ti dojú dé máa ń fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀ àti lára irin òrùlé. Ẹ yọwọ́ díẹ̀ lórí hándù níbi tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn tó ti pẹ́ gan-an lára wọn máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù. Ẹ fi irú ìyẹn sílẹ̀, ẹ ra èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìwé

Ẹ má rò pé láísẹ́ǹsì tẹ́ ẹ fi gun ọ̀kadà ti parí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, níbi tẹ́ ẹ ti máa rí FRSC àti VIO, kí wọ́n sọ fún yín bó ṣe yẹ kó rí fún kẹ̀kẹ́ akérò. Ẹ sì béèrè káàdì LASDRI, ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ ti ìjọba Èkó, torí Èkó ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ akérò. Ìwé kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ yín. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ yí orúkọ padà lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ rà á, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn.

Ìnṣọ́ránsì ti ẹnikẹta náà pọn dandan. Láti oṣù kìn-ín-ní 2023, àjọ NAICOM tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì fi ti kẹ̀kẹ́ sí ₦5,000 lọ́dún, ó sì lè san tó mílíọ̀nù méjì náírà fún dúkìá ẹlòmíì tẹ́ ẹ bá bà jẹ́. Ẹ fi ìyẹn wé dígí jíìpù kan ṣoṣo. Ọwọ́ ẹni tó ní ilé iṣẹ́ tòótọ́ ni kẹ́ ẹ ti rà á, torí ayédèrú ìwé ìnṣọ́ránsì pọ̀ nígboro.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: oṣù àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́

Páàkì ní tọ́ọ̀nù. Ọlọ́kadà máa ń rí èrò kan kó sì ta kọ́ṣọ́. Onikẹ̀kẹ́ ń dúró kí tirẹ̀ kàn, kí èrò mẹ́ta sì pé. Owó ọjọ́ àkọ́kọ́ lè bí yín nínú. Ẹ ṣiṣẹ́ láàárọ̀ nígbà tí èrò pọ̀, ẹ lọ sinmi lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ padà nírọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú lálẹ́ ń fọ́ ojú àgbà ju ti ọ̀dọ́ lọ, mi ò sì rí owó alẹ́ tó tó èyí téèyàn máa fi san án. Ẹ máa mu omi, kẹ́ ẹ sì máa sọ̀kalẹ̀ na ara. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ fi jíà sí òfo kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì sinmi. Dídi klọ́ọ̀ṣì mú ń jẹ klọ́ọ̀ṣì, ó sì ń jẹ iṣan ọwọ́.

Láràárọ̀, ẹ wo atẹ́gùn táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ti ìpamọ́, ẹ wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ bíréèkì kẹ́ ẹ tó kúrò lójúde. Bí bíréèkì bá rọ̀ tó sì ń lọ jìnnà kó tó mú, ẹ pe mẹkáníìkì, ẹ má gbé èrò.

Ọ̀kadà yín ńkọ́? Ẹ má máa gun ún lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ wa kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kejì ní oṣù àkọ́kọ́ yìí. Gbogbo ohun tí pápá kọ́ ọwọ́ yín, ìrìn àjò kan ṣoṣo lórí máṣìn lè tú u ká. Ẹ tì í mọ́ ilé, ẹ fún ẹlòmíì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pa mọ́. Bí oṣù yẹn bá parí, tí ìka ọwọ́ ọ̀tún yín ò wá bíréèkì mọ́ nígbà tí dánfó bá já wọ iwájú yín lójijì, ẹ lè tà á, kẹ́ ẹ fi owó rẹ̀ ra táyà àti bíréèkì tuntun fún kẹ̀kẹ́.